Ta Ló Ni Pápá? Ìtàn Owó àti Ẹ̀tọ́ lórí Pápá Ìṣeré láti Pobè dé Ìkẹ́nnẹ́

Ní Pobè àti Sakété, bọ́ọ̀lù ti dé kí pápá ìṣeré tó dé. Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú tí àwọn Faransé ṣàkóso, orí ilẹ̀ ilé-ìwé àti gbàgede ìjọba ni àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́kọ́ ń gbá a. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan. Ẹni tí ó ń ṣàkóso ilé-ìwé tàbí ọ́fíìsì ìjọba ló ń yọ̀ǹda rẹ̀, òun náà ló sì lè ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá wù ú. Láti ìgbà náà wá, ìbéèrè méjì kò tíì fi eré bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ì báà jẹ́ ní ìhà Benin tàbí ní ìhà Nàìjíríà: owó ta ni wọ́n fi kọ́ pápá, ta ni ó sì ni ín lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ tán? Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí fi hàn pé ọ̀nà tí owó gbà wọlé ló sábà máa ń sọ ẹni tí yóò ni pápá, àti pé ẹni tí ó ni pápá ló ń sọ bóyá ẹgbẹ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ yóò pẹ́ láyé.

Ìlú méjèèjì wà ní ẹ̀ka Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, wọn kò sì jìnnà sí ààlà Nàìjíríà. Ọ̀pẹ ló sọ wọ́n di ìlú tí ìjọba amúnisìn ń wò. Ojú irin tí àwọn Faransé là láti Àjàṣẹ́, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, gba Sakété kọjá, ó sì parí sí Pobè kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Ojú irin, ibùdó ìwádìí, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn: ìjọba ló kọ́ gbogbo wọn, ìjọba ló sì ni wọ́n. Nígbà tí ìgbà pápá ìṣeré dé, ojú kan náà ni àwọn ènìyàn fi wò ó.

Ẹgbẹ́ ìjọba lórí pápá ìjọba

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, Mathieu Kérékou àti àwọn ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba ní Kútọnu. Ní 1974, ìjọba kéde pé ètò àjùmọ̀ní ti Marx àti Lenin ni òun yóò máa tẹ̀ lé, ní 1975 sì ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà yí padà láti Dahomey sí Benin. Eré ìdárayá kò bọ́ nínú àtúntò yìí. Wọ́n tú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò àti ẹgbẹ́ ìlú ká, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìpínlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹranko kan níwájú rẹ̀. Báyìí ni Dragons de l'Ouémé ṣe fìdí kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí Requins de l'Atlantique wà ní Kútọnu, tí Buffles du Borgou sì wà ní Parakou. Ìpínlẹ̀ Ouémé ni Pobè àti Sakété wà nígbà náà. Ẹgbẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n máa pè ní tiwọn nìyẹn, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni pápá wà.

Ètò yìí ní àǹfààní tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ó. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jọ láti ìlú kéékèèké, ó sì jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ kan tí ó lágbára. Dragons di ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife líìgì Benin jù lọ. Àmọ́ ohun kan tẹ̀lé e tí ó ṣì ń bá àwọn ìlú kékeré jà. Ìlú tí kò jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ kò ní ẹgbẹ́, ìlú tí kò ní ẹgbẹ́ kò sì ní ìdí pàtàkì tí ó lè fi béèrè pápá. Ìgbà tí wọ́n gba ìjọba àwaarawa padà lẹ́yìn Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 ni ọ̀nà tún là fún ẹgbẹ́ aládàáni láti hù káàkiri.

Láàárín àkókò àjùmọ̀ní yìí ni wọ́n kọ́ pápá ìṣeré tí ó tóbi jù lọ ní Benin, Stade de l'Amitié, ní Kútọnu. Wọ́n ṣí i ní 1982, ó sì lè gba nǹkan bí 35,000 òǹwòran. Ṣáínà ló ṣe ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Benin àti Ṣáínà ti tún àjọṣe wọn ṣe ní ìparí ọdún 1972, pápá náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú èso àjọṣe náà, bí orúkọ rẹ̀ ti ń sọ. Nínú irú ìrànlọ́wọ́ báyìí, Ṣáínà a máa mú ẹ̀yáwó tí kò ní èlé tàbí ẹ̀bùn wá, ẹnjiníà rẹ̀ ló sì máa ń darí iṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìjọba orílẹ̀-èdè tí ó gbàlejò ni wọn yóò fa kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ pápá Kégué ní Lomé, tí wọ́n ṣí ní 2000.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí irú owó yìí túmọ̀ sí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè sọ pé òun ní ìpín nínú pápá. Ìjọba fúnra rẹ̀ kò tu owó náà jọ láti inú owó ìwọlé, nítorí náà kò sí ètò tí ó fi dandan lé e pé kí pápá máa bọ́ ara rẹ̀. Pápá tí a gbà báyìí kò ní gbèsè lọ́rùn ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ṣùgbọ́n kò ní owó ìtọ́jú pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere lẹ́yìn ogójì ọdún. Pápá náà, tí wọ́n ti fi orúkọ Ọ̀gágun Mathieu Kérékou kún orúkọ rẹ̀, kò sí lára àwọn tí àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà fọwọ́ sí nígbà tí Benin gbàlejò Rwanda àti Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2024 nínú ìdíje láti lọ sí Ife Àgbáyé. Abidjan, ní pápá Félix Houphouët-Boigny, ni Benin ti gbàlejò wọn. Wọ́n ṣẹ́gun Rwanda pẹ̀lú àmì ayò 1 sí 0, wọ́n sì ṣẹ́gun Nàìjíríà pẹ̀lú 2 sí 1. Orílẹ̀-èdè tí ó dé ìpele àwọn ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kù nínú Ife Áfíríkà ti 2019 ń yá ilé elòmíràn gbé. Ó dunni púpọ̀ pé àwọn ará Kútọnu kò fi ojú wọn rí ìṣẹ́gun méjèèjì náà ní ilé.

Owó kòkó ní Ìbàdàn

Ní ìhà kejì ààlà, ìtàn náà gba ọ̀nà mìíràn. Pápá tí ó ṣe pàtàkì jù lọ níbẹ̀ ni Liberty Stadium, Ìbàdàn. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, tí Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ títí di òpin ọdún 1959, ló gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku ọ̀la.

Láti mọ ibi tí ìjọba yẹn ti ń rí owó, a ní láti mọ bí Ìgbìmọ̀ Ọjà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣáájú 1954, ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló ń ra kòkó ní gbogbo Nàìjíríà. Láti 1954, Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, ìgbìmọ̀ a sọ iye tí àgbẹ̀ yóò gbà lórí tọ́ọ̀nù kòkó kan. Lẹ́yìn náà, a ta kòkó náà ní òkè òkun ní iye tí ọjà àgbáyé bá mú wá. Nígbà tí ọjà àgbáyé bá ga, àlàfo ńlá a wà láàárín owó tí àgbẹ̀ gbà àti owó tí kòkó mú wọlé. Ohun tí wọ́n sọ ní ìpìlẹ̀ ni pé àlàfo yìí ni wọn yóò fi ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ bí ọjà bá wálẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó di àpò tí ìjọba Ẹkùn ń mú owó iṣẹ́ ìdàgbàsókè nínú rẹ̀. Ìjọba tí kòkó jẹ́ òpó àpò rẹ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òun ló dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, òun náà ló sì kọ́ pápá ìṣeré.

Nítorí náà, kì í ṣe àsọdùn láti sọ pé àgbẹ̀ Ìfẹ̀, Oǹdó àti Ìlá wà lára àwọn tí ó san owó Liberty Stadium. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan gẹ́gẹ́ bí onípìn-ín. Ìjọba ló ni pápá. Nígbà tí Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn sì di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn ní 1967, tí wọ́n tún pín ìyẹn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976, pápá kò lè pín sí mẹ́ta. Nígbà tí ó di 2010, ààrẹ orílẹ̀-èdè, Goodluck Jonathan, ló fi orúkọ Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ pápá náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀tọ́ lórí dúkìá ìjọba ṣe ń ṣí nípò láìsí pé ẹnikẹ́ni rà tàbí tà á, kí ó wo pápá yìí dáadáa.

Ẹgbẹ́ tí ó sọ pápá náà di olókìkí náà jẹ́ ti ìjọba. Ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba tí wọ́n ń pè ní IICC ló ni Shooting Stars. Ní 1976, ẹgbẹ́ náà na Tonnerre ti Yaoundé ní 4 sí 1 ní Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pàdánù 1 sí 0 ní Cameroon, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Lekan Salami, olùfẹ́ ẹgbẹ́ náà tí kò ṣeé gbàgbé, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá Adámásingbà, níbi tí Shooting Stars ń gbé lónìí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni pápá, òun náà ló ni ẹgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìgbésí ayé àwọn ẹgbẹ́ aládàáni ìgbà náà tí ó yẹ kí á dúró lé lórí. Stationery Stores ti Èkó, tí Israel Adebajo dá sílẹ̀, ní olólùfẹ́ púpọ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìjọba lọ. Leventis United ti Ìbàdàn gba ife Challenge Cup ti Nàìjíríà ní 1984 àti 1986. Abíọ́lá Babes ti Abẹ́òkúta gba a ní 1985 àti 1987. Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní olówó lẹ́yìn, wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sì ní orúkọ. Pápá tí wọ́n ń lò, ti ìjọba ni. Lónìí, kò sí ọ̀kankan nínú wọn ní ipò tí ó wà nígbà náà. Adebajo kú ní 1969, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ sì wá di ọ̀rọ̀ ọdún pípẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Leventis yọwọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ká. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ilẹ̀ tirẹ̀, bí olówó bá lọ, ilẹ̀ á kù sẹ́yìn, ilé á kù sẹ́yìn, ẹlòmíràn sì lè rà á kí ó tún un ṣe. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ohun tí ó ní jẹ́ aṣọ àti àdéhùn agbábọ́ọ̀lù kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè jogún.

Ọ̀nà kẹta tí owó ń gbà wọlé ni ètò ìṣúná ọdọọdún, ìtàn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pápá Teslim Balogun ní Èkó ní 1984, nígbà tí Gbọ́láhàn Mudashiru jẹ́ gómìnà ológun. Ó di 2007 kí wọ́n tó ṣí i. Gómìnà kan bẹ̀rẹ̀, òmíràn pa á tì, òmíràn tún un gbé, iye owó sì ń ga sí i ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá dúró.

Ìkẹ́nnẹ́: ẹgbẹ́ tí ó ní ilé tirẹ̀

Ìlú Awólọ́wọ̀, Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, ni ìyípadà ti wá. Ẹgbẹ́ Remo Stars bẹ̀rẹ̀ ní 2004 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ó sì gba orúkọ tí ó ń jẹ́ báyìí ní 2010. Fún ìgbà pípẹ́, pápá Gateway ní Ṣàgámù, tí ó jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n ń lò. Wọ́n gòkè dé líìgì àgbà, wọ́n sì tún bọ́ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó gòkè padà ní 2021. Ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ náà ni Kúnlé Sọ̀námẹ̀, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ alága ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkòsí-Ìṣẹrí ní Èkó. Ní 2015, ó ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Feirense ní ilẹ̀ Portugal, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ bí ẹgbẹ́ kékeré ní Yúróòpù ṣe ń fi pápá àti ilé ẹ̀kọ́ agbábọ́ọ̀lù gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n kọ́ pápá Remo Stars, wọ́n sì gbé ilé ẹ̀kọ́ agbábọ́ọ̀lù Beyond Limits kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Pápá náà kéré bí a bá fi wé ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìjọba. Kò sí gómìnà tí ó lè fi orúkọ ẹlòmíràn sọ ọ́, kò sí ọ́fíìsì tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìtọrọ sí kí ó tó ṣe ìdánrawò. Owó ìwọlé, owó pátákó ìpolówó, owó tí ó wá láti ara ọmọ tí wọ́n kọ́ tí wọ́n sì tà sí ẹgbẹ́ mìíràn, inú àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Wọ́n ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024, wọ́n sì gba ife náà ní 2025 fún ìgbà àkọ́kọ́. Èmi kò ní sọ pé pápá nìkan ló gba ife. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí ó lè ṣe ètò ọdún márùn-ún lórí ilẹ̀ tí ó mọ̀ pé tirẹ̀ ni, ipá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ tí kò mọ ibi tí yóò ti gbá bọ́ọ̀lù ní oṣù tí ń bọ̀.

Ó tọ́ kí á béèrè ibi tí irú owó yìí ti ń wá pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí a ti béèrè nípa kòkó. Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù jẹ́ ọ̀rọ̀ owó kékeré láti ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì níṣẹ́ tí ó dúró. Láyé kòkó, àlàfo iye owó tí àgbẹ̀ kò gbà wà lára ohun tí ó kọ́ pápá. Lónìí, ohun tí atatẹ́tẹ́ pàdánù wà lára ohun tí ó ń sọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ di ọlọ́rọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba ló kó ti kòkó jọ, ìjọba sì lè jíhìn fún aráàlú bí wọ́n bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn. Aládàáni ló ni èkejì, àwọn tí ó ni ín nìkan ni ó sì gbọ́dọ̀ jíhìn fún. Mo ka ohun tí wọ́n ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ sí ohun ńlá. Mo sì gbà pé kò yẹ kí ìlú kan gbára lé orísun owó yìí nìkan.

Kì í ṣe Ìkẹ́nnẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú èyí ní Áfíríkà. Ní 2011, TP Mazembe ti Lubumbashi ṣí pápá tirẹ̀ ní Kamalondo lábẹ́ Moïse Katumbi, oníṣòwò tí ó jẹ́ gómìnà Katanga nígbà náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń wo bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀nà méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí a lè fi ojú rí. Arsenal kó lọ sí pápá tuntun ní 2006. Iye owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 390 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ẹgbẹ́ náà yá owó ní báńkì. Nígbà tí pápá parí, ó ta ìwé ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ gígùn tí iye rẹ̀ jẹ́ 260 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún àwọn olówó, pẹ̀lú owó ìwọlé gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Emirates san owó kí pápá lè máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Arsenal fi ta agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tí ó dára jù láti gbé ẹrù gbèsè yìí, ṣùgbọ́n pápá di tirẹ̀. West Ham ní tirẹ̀ wọ pápá tí wọ́n fi owó ìlú kọ́ fún Ìdíje Òlíńpíìkì 2012. Láti 2016, ó gba ibẹ̀ fún ọdún 99, iye tí wọ́n sì kọ́kọ́ fẹnu kò sí lọ́dún jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 pọ́n-ùn. Ẹgbẹ́ náà kò jẹ gbèsè pápá, owó orí aráàlú ló sì gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àtúnṣe rẹ̀. Síbẹ̀, kò ní agbára láti yí ìjókòó padà bó ṣe fẹ́, kò sì lè ta orúkọ pápá náà fúnra rẹ̀.

Òfin, ilẹ̀ àti kọ́múùnù ní Plateau

Nísinsìnyí, kí á padà sí Pobè àti Sakété. Òfin ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ló yọ Plateau jáde lára Ouémé tí ó sì pín Benin sí ẹ̀ka 12. Kétu, Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè di kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) márùn-ún tí ó wà nínú Plateau. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀rẹ́fẹ́ẹ̀tì (aṣojú ìjọba ní ẹ̀ka) tí ó wà ní Àjàṣẹ́ ló ń ṣàkóso Ouémé àti Plateau pọ̀. Ọdún 2016 ni Plateau ní pẹ̀rẹ́fẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tí Pobè sì di olú-ìlú ẹ̀ka. Ìdìbò kọ́múùnù àkọ́kọ́ wáyé láàárín oṣù kejìlá 2002 àti oṣù kìíní 2003. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ìlú wọ̀nyí ti ní méèrì àti ìgbìmọ̀ tí aráàlú yàn, tí òfin sì fún ní ẹ̀tọ́ láti ní dúkìá, láti ní ètò ìṣúná, àti láti lọ sí kóòtù.

Kọ́múùnù lè kọ́ pápá ìṣeré nígbà náà. Níbo ni yóò ti rówó? Owó orí ọjà, owó orí ilé àti ilẹ̀, àti owó ìwé àṣẹ òwò ni ó ń wọlé tààrà. Ní àgbègbè ààlà, owó yìí ń gòkè ó sì ń sọ̀ bí ọ̀nà Nàìjíríà bá ti rí. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, ọjà tí ó gbára lé kíkó ẹrù kọjá dá dúró, gbogbo ìlú tí ó wà lọ́nà náà sì mọ̀ ọ́n lára. Ní 2008, ìjọba àpapọ̀ dá àpò kan tí ó ń jẹ́ FADeC sílẹ̀, tí òun àti àwọn orílẹ̀-èdè olùrànlọ́wọ́ ń fi owó sí nígbà náà fún ìdókòwò kọ́múùnù. Apá kan owó náà ti ní iṣẹ́ tí wọ́n yàn án fún, bíi ilé-ìwé tàbí ìlera. Apá kejì, ìgbìmọ̀ ló ń pinnu ohun tí wọn yóò fi ṣe. Kò sì yani lẹ́nu bí ìgbìmọ̀ tí ó ń ro yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kànga àti ìsọ̀ ọjà bá fi pápá bọ́ọ̀lù sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ìdí nìyí tí ìjọba Patrice Talon, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, fi gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Lábẹ́ ètò tí wọ́n kéde ní oṣù kejìlá ọdún náà pẹ̀lú orúkọ Bénin Révélé, wọ́n gbé iṣẹ́ kíkọ́ pápá ìṣeré ìgbàlódé tí ó lé ní 20 kalẹ̀ káàkiri àwọn kọ́múùnù. Owó àpapọ̀ ni, Kútọnu ló ń fún agbaṣẹ́ṣe níṣẹ́. Fún ìlú tí kò ní owó FADeC tí ó tó, oore ńlá ni. Ó sì tún mú ọ̀rọ̀ Stade de l'Amitié padà wá ní ọ̀nà kékeré: ẹni tí ó kọ́ pápá kì í ṣe ẹni tí yóò san owó iná mànàmáná, omi koríko àti ọ̀dẹ̀ òru.

Ní ti ilẹ̀, Òfin Ilẹ̀ ti 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ló fìdí ẹ̀tọ́ múlẹ̀. Ìwé tí ó ń fi hàn dájú pé ènìyàn ni ilẹ̀ kan ni titre foncier, àjọ tí ń jẹ́ ANDF sì ni ó ń ṣàkóso rẹ̀. Ní Pobè àti Sakété, níbi tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ìdílé, èyí túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ẹnu baálé pé "a ti fún ìlú ní ilẹ̀ yìí" kò tó mọ́. Kí kọ́múùnù tó kọ́ ohunkóhun tí ó wúwo, ó yẹ kí ìwé ẹbí, ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ àti ìwé ìfàṣẹ wà ní ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ-ọmọ ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ lè dé pẹ̀lú lọ́yà lẹ́yìn ogún ọdún.

Ohun kan wà nínú òfin yìí tí àwọn alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù kì í sábà ronú kàn. Dúkìá tí ó wà fún lílò gbogbogbòò kò ṣeé tà, kò sì ṣeé fi ṣe ìdógò ní báńkì. Bí pápá Sakété bá jẹ́ dúkìá kọ́múùnù ní irú ọ̀nà yìí, kò sí báńkì tí yóò yá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù owó lórí rẹ̀. Ohun tí Arsenal ṣe ní 2006 kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ni àdéhùn àyálò ọlọ́jọ́ gígùn, tí kọ́múùnù yóò ṣì ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ yóò ní ẹ̀tọ́ tí ó dájú láti lò ó, láti fi owó tún un ṣe, àti láti kó owó ìwọlé rẹ̀ fún ọdún tí wọ́n bá kọ sílẹ̀.

Ipò tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ òfin náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin Faransé ti 1901 lórí ẹgbẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Benin ń tẹ̀ lé. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́, kò ní onípìn-ín. Kò sí ẹni tí ó lè ra ìpín nínú rẹ̀, kò sì sí èrè tí wọ́n lè pín. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó lówó ní líìgì Benin fi so mọ́ ilé-iṣẹ́ tàbí àjọ ńlá: ASPAC mọ́ èbúté Kútọnu, Sobemap mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń kó ẹrù ní èbúté, Loto-Popo mọ́ ilé-iṣẹ́ lọ́tìrì orílẹ̀-èdè, Coton FC mọ́ àwọn olówò òwú. Wọ́n rí owó oṣù agbábọ́ọ̀lù san. Ṣùgbọ́n a ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Leventis United.

Láti ìgbà tí òfin oṣù kejìlá 2021 ti yí ìṣàkóso kọ́múùnù padà, akọ̀wé-aláṣẹ tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti ìnáwó, kì í ṣe méèrì mọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lo pápá ní Pobè tàbí Sakété kò lè gbára lé ìfẹ́ tí méèrì ní sí bọ́ọ̀lù nìkan gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ìwé àdéhùn ni yóò béèrè fún: ta ni yóò máa gba owó tíkẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò san owó iná, ta ni yóò tún òrùlé ṣe bí ìjì bá ṣí i, ìgbà wo ni ilé-ìwé yóò lo pápá, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí ẹgbẹ́ bá bọ́ sí líìgì ìsàlẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ́múùnù ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, òfin sì ṣí ìjókòó ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo aráàlú láti wọlé kí wọ́n sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa pápá wọn.